Sumo mi (pọ́ǹpù inú bọ́họ̀ọ̀lù) jó lẹ́ẹ̀mejì: irú wáyà wo ló lè gbé iná dé 180 mítà?

àgbẹ̀_ìkirè (Sátidé, 7:12 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó tún da owó sódò. Mo ní oko adìẹ kan lẹ́yìn Ìkirè. Ilé tí mítà iná wà, ẹ̀bá títì ló wà. Bọ́họ̀ọ̀lù wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti rí omi. Mo fi tépù wọ̀n ọ́n lánàá, 180 mítà gbáko. Sumo 1.5 HP ló wà nínú rẹ̀, wáyà 2.5mm tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ ló sì ń gbé iná lọ bá a.

Èyí àkọ́kọ́ jó láàárín oṣù mẹ́ta. Mo ra òmíràn, òun náà jó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oníná tó ṣe é fún mi ní wáyà ò lẹ́bi, pé 2.5 lè gbé 20 áḿpù (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), pé 9 áḿpù péré ni sumo ń jẹ, pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi. Ẹni tó ta sumo ní iná mi ni ò dáa. Mo wà láàárín àwọn méjèèjì, adìẹ 1,200 ń wò mí lójú, kẹ̀kẹ́ Márúwá la fi ń ru omi báyìí. Ta ló jàre nínú wọn?

wáyà_títọ́ (7:40 àárọ̀)

Ẹ kú ìnáwó o. Ohun méjì là ń bi wáyà. Èkíní: ṣé o ò ní gbóná jó? Èkejì: tó o bá débẹ̀, mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ? Oníná yín bi í ní èkíní, ó sì dáhùn dáadáa. Kò bi í ní èkejì rárá. Nínú ilé tí wáyà ò ju 15 mítà lọ, kò sẹ́ni tó ń bi í. Ní 180 mítà, òun gan-an lọ̀rọ̀.

Gbogbo mítà tí iná bá rìn ló ń jẹ díẹ̀ nínú fólítì, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ. Ìwé BS 7671, tí àwọn oníná Òyìnbó ń tẹ̀ lé tí ọ̀pọ̀ wa níbí náà sì kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ti kọ iye tí wáyà kọ̀ọ̀kan ń jẹ sílẹ̀. Fún wáyà bàbà, lórí áḿpù kan àti mítà kan: 1.5mm ń jẹ mílífólítì 29 (1,000 rẹ̀ ni fólítì kan), 2.5mm ń jẹ 18, 4mm ń jẹ 11, 6mm ń jẹ 7.3, 10mm ń jẹ 4.4, 16mm ń jẹ 2.8. Àlọ àti àbọ̀ ti wà nínú iye yẹn o. Ẹ má tún fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín: 18 lọ́nà 9 lọ́nà 180, ó jẹ́ 29,160 mílífólítì. Fólítì 29 nìyẹn. Bí ẹ bá ní 230 pé pérépéré nílé, 201 ló máa dé ọ̀dọ̀ sumo. Ìwé kan náà ní kó má ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn 11.5 fólítì. Tí iná títàn bá ni, ìdá 3. 4mm á jẹ 17.8, kò tó. 6mm á jẹ 11.8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. 10mm á jẹ 7.1. Òun lèmi máa rà.

gbà_bẹ́ẹ̀ (8:05 àárọ̀)

10mm fún sumo kan ṣoṣo? Ẹ fẹ́ ta oko ni? Ẹ ra stabilizer 5kVA, ẹ gbé e sẹ́bàá bọ́họ̀ọ̀lù, kó máa bá yín gbé iná sókè. Tí bíréékà bá ń já, ẹ fi 63 áḿpù sí i. Bí tèmi ṣe wà nìyẹn.

ògbó_láínì (8:51 àárọ̀)

Ọmọ mi gbà_bẹ́ẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Stabilizer ò dá iná. Kó tó lè sọ 170 di 220, àfi kó fa áḿpù púpọ̀ sí i láti inú wáyà. Áḿpù tó pọ̀ sí i yẹn ló tún ń jẹ fólítì sí i lójú ọ̀nà, ni stabilizer á bá tún fà. Ó dà bí ẹni tó ń fi agbè jíjò pọn omi, tó wá ní kóun máa sáré sí i. Bó bá tilẹ̀ gbé sumo, wáyà ló máa gbà á. Ti bíréékà 63 lórí 2.5mm, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ níbi tọ́mọdé ti lè kà á. Wáyà ni bíréékà ń ṣọ́. Ẹ ti fi olè ṣe ọlọ́dẹ.

Àgbẹ̀, iṣẹ́ láínì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń pa sumo yín gan-an. Mọ́tò tó ń dìde ń jẹ ìlọ́po márùn-ún sí méje áḿpù tó ń jẹ tó bá ti ń yí. 9 áḿpù yín yẹn ń di 45, bóyá ju bẹ́ẹ̀ lọ, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì. Ìgbà yẹn gan-an ni wáyà ń jẹ fólítì jù. Ẹ tún wò ó, agbára tí mọ́tò fi ń dìde kì í bá fólítì lọ sílẹ̀ ní dọ́gbadọ́gba. Tí fólítì bá kù sí ìdajì, agbára á kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Sumo ò ní lè dìde, á máa kùn, 45 áḿpù yẹn á sì dúró sínú wáyà inú rẹ̀, á máa sè é. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tó ń kùn "hùùù" kí omi tó yọ, òun nìyẹn.

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ wọn iná. Kí sumo máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n o, torí tí nǹkan kan ò bá jẹ iná, wáyà tó tín-ín-rín bí irun á fi fólítì pípé hàn yín.

àgbẹ̀_ìkirè (1:20 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mo yá sumo aládùúgbò mi, tiwa náà ni irú rẹ̀. Mo pe ọmọkùnrin kan tó ní kíláńpù mítà. Ohun tá a rí rèé.

Sumo ò ṣiṣẹ́: 214 nílé, 214 nídìí bọ́họ̀ọ̀lù.
Sumo ń ṣiṣẹ́: 209 nílé, 171 nídìí bọ́họ̀ọ̀lù. Kíláńpù ní 10.5 áḿpù.
Nígbà tó fẹ́ dìde: tẹ́sítà jábọ́ sí 131, ó dúró díẹ̀ níbẹ̀, kó tó gòkè padà. Ó kùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ. Àyà mi já.

ògbó_láínì (1:58 ọ̀sán)

131 sí 230, agbára tó fi ń dìde ò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Olúwa ló gbà á tó fi lo oṣù mẹ́ta.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ o. 209 yọ 171, fólítì 38 ló sọnù lọ́nà. Ẹ pín in fún 10.5, kẹ́ ẹ tún pín in fún 180, ẹ ó rí mílífólítì 20. Ìwé ní 18, ti wáyà tó gbóná dé 70 sẹ́ǹtígíréètì sì ni 18 yẹn. Wáyà yín wà nínú ilẹ̀ tútù, 10 áḿpù péré ló ń gbé, ó yẹ kó jẹ nǹkan bíi 16. Nǹkan kan ń jẹ yín sí i. Bóyá oríkèé kan wà nínú rẹ̀, bóyá wáyà yẹn ò pé 2.5 látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé wáyà kan ni látòkè délẹ̀?

Ẹ ṣe ìṣirò yìí náà: 38 lọ́nà 10.5, nǹkan bíi 400 wáàtì ni ẹ fi ń mú ilẹ̀ gbóná. Tí sumo bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí márùn-ún lójúmọ́, yúnìtì 2 lojoojúmọ́ nìyẹn, mítà yín ń kà á, ekòló ló ń jàǹfààní ẹ̀.

wáyà_títọ́ (2:10 ọ̀sán)

"Ekòló ló ń jàǹfààní ẹ̀" 😂 Bàbá, ẹ ti pa mí.

ọmọ_peckham (4:33 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, BS 7671 yẹn là ń jẹ là ń mu. Ó ku ibì kan tẹ́nikẹ́ni ò tíì kàn, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀, bíréékà mélòó ló wà lórí wáyà yẹn?

àgbẹ̀_ìkirè (4:50 ìrọ̀lẹ́)

32 ni wọ́n kọ sí i. C32.

ọmọ_peckham (5:14 ìrọ̀lẹ́)

Mo mọ̀. Ẹ wò ó báyìí, ẹ̀gbọ́n. Ká ní ọkọ́ gé wáyà náà nídìí bọ́họ̀ọ̀lù, tí okùn méjèèjì inú rẹ̀ kan ara wọn. Ẹ rò pé bíréékà á já lójú ẹsẹ̀. Kò ní já. Wáyà 2.5 tó gùn tó 180 mítà, tó bá gbóná, ń dènà iná tó ohm 3.24. 230 pín 3.24, 71 áḿpù péré ló lè kọjá níbẹ̀. C32 ń retí 160 ó kéré tán, ó sì lè dúró de 320, kó tó já lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 71, á kọ́kọ́ máa gbóná díẹ̀díẹ̀, ó lè tó ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó rántí iṣẹ́ ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn, wáyà ń yọ́, ọmọ yín sì lè wà nídìí bọ́họ̀ọ̀lù.

Wáyà tó gùn ń fi ìjàǹbá pa mọ́ fún bíréékà. Ìdí nìyí tí wáyà tó nípọn fi dára lọ́nà méjì: fólítì ò ní ṣubú, ìjàǹbá náà á sì pariwo tó kí bíréékà gbọ́. Ẹ sọ bíréékà di C16 (45 áḿpù ìdìde ò ní já a, kì í pẹ́). Kẹ́ ẹ wá fi RCD 30 mílíáḿpù sí i. RCD ò bìkítà bóyá wáyà gùn tàbí kò gùn. Tí iná bá ti ń jò sílẹ̀, á pa á. Omi, irin àti ẹsẹ̀ lásán ló wà níbẹ̀, ẹ má fi ìyẹn falẹ̀.

ìyá_ẹlẹ́ja (8:20 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀rọ̀. Òdò ẹja tèmi jìnnà sílé ju tiyín lọ. Nígbà tí wọ́n sọ iye tí wáyà máa jẹ fún mi, mo ní kí wọ́n dúró. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tá a fi ń gbé iná lọ bá omi? Ṣé omi fúnra rẹ̀ ò lè wá ni?

Mo to pánẹ́ẹ̀lì sólà sẹ́bàá bọ́họ̀ọ̀lù, mo ra pọ́ǹpù tó ń lo sólà tààrà, wáyà ò ju 12 mítà lọ. Tí oòrùn bá ti yọ, ó ń fa omi sínú táńkì lókè, omi á sì tẹ̀ lé paipu wá fúnra ẹ̀. Kò sí bátìrì, kò sí yúnìtì. Ibi tó kù sí: ní àsìkò òjò tí ojú ọ̀run ṣú fún ọjọ́ mẹ́ta, omi á falẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ní táńkì tó tóbi. Wọ́n tún gbìyànjú láti jí pánẹ́ẹ̀lì mi lẹ́ẹ̀kan. Ajá ló gbà mí.

Paipu náà ń jẹ o! Tí ẹ bá lo paipu tín-ín-rín fún ọ̀nà jíjìn, omi á débẹ̀ láìní agbára. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

wáyà_títọ́ (8:41 alẹ́)

Òótọ́ ni Màmá sọ. Kí n fi kún un: tí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sẹ́bàá bọ́họ̀ọ̀lù, ẹ má tẹ́ wáyà tọ̀ ọ́ lọ. Tí fésì mẹ́ta bá sì wà ládùúgbò, sumo onífésì mẹ́ta tó jẹ́ 1.5 HP ń jẹ nǹkan bí áḿpù mẹ́ta lórí wáyà kọ̀ọ̀kan. 2.5mm lásán á gbé e dé 180 láìlàágùn.

ẹnu_ọ̀nà (9:02 alẹ́)

Ẹ forí jì mí, n kò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Iná 12 fólítì ni mo fẹ́ gbé dé géètì mi, 60 mítà. Gílóòbù 24 wáàtì péré. Mo fi 1.5mm ṣe é, ó ń tàn bàìbàì bí àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Ṣé gílóòbù ni?

ògbó_láínì (9:30 alẹ́)

Kì í ṣe gílóòbù. 24 wáàtì ní 12 fólítì, áḿpù 2 ni. 29 lọ́nà 2 lọ́nà 60, ó jẹ́ 3.5 fólítì. Nínú 230, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé 3.5 sọnù. Nínú 12, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ gbé 230 láti inífátà dé géètì, kẹ́ ẹ fi adapta kékeré sọ ọ́ di 12 níbẹ̀. 24 wáàtì kan náà ní 230, áḿpù ò pé ìdá kan nínú mẹ́jọ, ohun tó máa sọnù ò pé ìdá kan nínú márùn-ún fólítì kan.

Òun náà ni ìdí tí wọ́n fi gbé iná Kainji wá sí Òṣogbo ní 330,000 fólítì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo rò pé wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù ba èèyàn ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tí fólítì bá lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá, áḿpù á wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́wàá fún iṣẹ́ kan náà, ohun tí wáyà ń sọ di ooru á sì wálẹ̀ sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá súnmọ́lé, wọ́n á sọ ọ́ di 132, wọ́n á sọ ọ́ di 33, di 11, títí á fi di ohun tá a fi ń se ewédú. Ká ní 230 ni wọ́n fi gbé e láti Kainji, wáyà á nípọn ju igi ìrókò lọ, a ò tún ní rí iná.

àgbẹ̀_ìkirè (Sọ́ńdè, 3:45 ọ̀sán)

Ẹ̀yin ará, ẹ wá gbọ́.

A pa iná látilé, mo fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí bíréékà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ tẹ̀ lé wáyà. Nídìí igi kòkó kan, ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà, paipu PVC tó wà nínú ẹ̀ ti là. Inú rẹ̀ ni oríkèé wà: wọ́n kàn lọ́ wáyà méjì pọ̀, wọ́n fi tépù dúdú wé e. Tépù yẹn ti yọ́, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí oje ìṣin. Bàbà tó wà nínú ẹ̀ ti dúdú, ti apá kejì ti ṣe funfun bí ẹfun. Mo fà á díẹ̀, ó já.

Mo wá fi bíléèdì ha apá kejì, èyí tó lọ sí bọ́họ̀ọ̀lù. Lábẹ́ àwọ̀ pupa yẹn, funfun báláú! Alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn rẹ bàbà sí i lójú. Apá tó wá látilé jẹ́ bàbà dénú. Kóìlì méjì ni wọ́n fi ṣe é, bàbà kan, ayédèrú kan. Ẹni tó ta sumo fún mi ò purọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

wáyà_títọ́ (4:02 ìrọ̀lẹ́)

20 mílífólítì Bàbá nìyẹn o! Wọ́n rí i látinú ilé wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra wáyà: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé mágínẹ́ẹ̀tì, kì í fa bàbà, kì í sì í fa alumíníọ̀mù náà. Ẹ ha á bí ẹ̀gbọ́n ti ṣe, tàbí kẹ́ ẹ gbé kóìlì méjì lọ́wọ́ méjèèjì. Ayédèrú á fúyẹ́ bí ẹ̀kọ tó ti gbẹ. Ẹ tún ka gígùn kóìlì, ẹ má gba ohun tí páálí sọ.

ògbó_láínì (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ ò burú o, irọ́ ló burú. Alumíníọ̀mù ni láínì tí mo fi gbogbo ayé mi gùn. Àgbẹ̀, tí 10mm bàbà bá wọ́n jù, ẹ bèèrè kébù alumíníọ̀mù 16mm tó ní ìhámọ́ra irin. Mílífólítì 4.5 ló ń jẹ, ẹgbẹ́ 10mm bàbà ni, owó rẹ̀ ò sì tó o. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n kò yẹ kó pa yín náà.

Ẹ̀kọ́ kan ló wà nínú rẹ̀: ẹ má lọ́ ọ pọ̀ mọ́ bàbà lásán. Tí méjèèjì bá kanra tí ọ̀rinrin sì wọ̀ ọ́, funfun tẹ́ ẹ rí yẹn ló máa ń yọ. Lọ́ọ̀gì (irin kékeré tí wọ́n ń fi orí wáyà bọ̀) tó jẹ́ bàbà lápá kan, alumíníọ̀mù lápá kejì, wà lọ́jà, òun ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ da yanrìn sí i lórí, ẹ tẹ́ tépù ìkìlọ̀ sókè kí ọkọ́ tó débẹ̀. Kẹ́ ẹ má sì ṣe ní oríkèé kankan nínú ilẹ̀. Kébù kan ṣoṣo, látilé dé bọ́họ̀ọ̀lù.

gbà_bẹ́ẹ̀ (5:15 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti yọ 63 kúrò o. Ẹ má bínú. Wáyà mi ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, ṣe ni mo rò pé oòrùn ni.

àgbẹ̀_ìkirè (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ìdúró dè mí. Alumíníọ̀mù 16mm onírin la tẹ́, 190 mítà kí ó lè ṣẹ́ kù díẹ̀ lápá méjèèjì. C16 àti RCD ti wà níbẹ̀. Mo rò nípa sólà ìyá_ẹlẹ́ja gan-an, ṣùgbọ́n àwọn olè ibí ò bẹ̀rù ajá.

Ohun tí tẹ́sítà sọ lánàá, tí sumo ń ṣiṣẹ́: 210 nílé, 204 nídìí bọ́họ̀ọ̀lù. Nígbà tó ń dìde, ó wálẹ̀ sí 176, kò sì kùn, omi kàn yọ fìàá. Áḿpù ti padà sí 9.

ìyá_ẹlẹ́ja (wákàtí kan lẹ́yìn náà)

Ẹ kú oríire! Dòdò Ìkirè mi dà? Wáyà 2.5 àtijọ́ náà ńkọ́, ẹ ti ju ú nù?

àgbẹ̀_ìkirè

Dòdò ń bọ̀, ma. Ayédèrú ti lọ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Bàbà gidi wà nínú ilé adìẹ, 22 mítà, gílóòbù 9 wáàtì méjìlá ló ń gbé. Gílóòbù tó gbẹ̀yìn tàn bí ti àkọ́kọ́.